Ìkéde Táńgò Ara Ògiri Ajah

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn ná. Ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ́yìn tí ẹ gbé e dání, ẹ kò ṣẹ̀ mí, iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ yín. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Ògiri tí wọ́n ní kí ẹ gé kò ní sá lọ. Ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ ti Lẹ́kkí Phase 1 wá, ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ọmọ ọmọ mi, nu ojú rẹ. Kì í ṣe ẹkún ni mo fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹfun ló wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo pò ó, èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára ògiri kí ẹ tó dé. Kò sí ẹni tó rán mi, orí mi sì pé. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ṣì ń rí àwòrán náà lábẹ́ rẹ̀, àbí? Ẹ ń rí ọkùnrin tó nàró, ẹ ń rí aṣọ obìnrin tó ń fò, ẹ ń rí lẹ́tà. Bí ẹfun ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó bá tutù, bí omi lásán ló máa ń rí. Ìgbà tó bá ń gbẹ ló máa ń funfun. Kó tó pẹ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àfi ojú obìnrin yẹn tí mi ò tíì kùn. Omi wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ ẹfun náà kúrò kó tó gbẹ, mi ò ní di yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi.

Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Mo ti ṣe sùúrù láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Lónìí, inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kó bí mi dáadáa.

Ajah tí ẹ̀yin mọ̀, ariwo ni. Bọ́ọ̀sì ń pe èrò, kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè, ẹni tó ń ta nǹkan ń pariwo lé ẹni tó ń rà á lórí. Ajah tí mo gbé dàgbà, ohùn àjẹ̀ lójú ọ̀sà ló ń jí wa. Ẹ ó gbọ́ ọ, pọ̀, pọ̀, pọ̀, àwọn apẹja ń bọ̀ wálé, ìyàwó wọn yóò sì ti máa dáná tí wọn yóò fi yan ẹja. Bí àgbọn kan bá já lulẹ̀ ní apá ọ̀hún, àwa tó wà ní apá ibí yóò gbọ́, a ó sì mọ igi ẹni tó ti já. Kò sí títì. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa, iyanrìn funfun tó máa ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ẹni tó bá ń ti Awoyaya bọ̀ wá ṣe àríyá, yóò gbé bàtà rẹ̀ lé orí, yóò sì wọ̀ ọ́ nígbà tó bá dé. Ẹni tó bá ń ti Badore bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wà.

Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn yìí fi jẹ́ nǹkan ńlá. Òun nìkan ni ibi tí ilẹ̀ ti le ní gbogbo àyíká. Àwa ọ̀dọ́ la kọ́ ọ. A fi ọkọ̀ kó sìmẹ́ǹtì láti Èkó, ọkọ̀ kan sì dojú dé pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà di òkúta sísàlẹ̀ ọ̀sà. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn apẹja ń bú wa, nítorí àwọ̀n wọn ń há sí i. A tún dá owó, a tún lọ kó òmíràn. Nígbà tí a tẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn tán tó sì gbẹ, ńṣe ni àwọn ìyá wa ń bọ́ bàtà wọlé, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ nù ún, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí ijó bá ku ọ̀la, a ó ha àbẹ́là sílẹ̀, a ó fi èèpo àgbọn gbo ó títí ilẹ̀ yóò fi máa dán. Bí ẹsẹ̀ bá gun orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀gá Bánjọ ló kó táńgò wá bá wa. Ọmọ Ajah níbí ni, ó ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì padà wálé pẹ̀lú giramafóònù kan àti àpótí kan. Ó ní ìlú kan wà lókè òkun tí wọ́n ń pè ní Buenos Aires, ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ti máa ń já ẹrù. Etí èbúté ibẹ̀ ni wọ́n bí ijó náà sí, láàárín àwọn aláàárù, àwọn apẹran, àwọn àjèjì tí kò rí aya fẹ́, àti àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ó ní bí a bá fetí sí i, a ó gbọ́ ìlù àwọn baba ẹrú yẹn nínú rẹ̀. Àwọn olówó ìlú náà ní ijó ìpátá ni, wọn kò jẹ́ kó wọ ilé àwọn. Nígbà tó yá, ijó náà wọkọ̀ lọ sí Paris, àwọn òyìnbó ibẹ̀ wọ kóòtù fún un, wọ́n ń pariwo rẹ̀ káàkiri. Bó ṣe padà délé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, àwọn olówó tó lé e síta ló tún sáré ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n àwọn aláàárù tó bí i, ìta ni wọ́n wà síbẹ̀. Bí Ọ̀gá Bánjọ bá ti dé ibẹ̀ yẹn, a máa ń rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. A kò mọ̀ pé ara wa là ń fi rẹ́rìn-ín.

Inú àpótí yẹn, ìwé ìkéde ijó ló kún un. Gbogbo èbúté tí ọkọ̀ wọn bá dé, ó máa ń já wọn lára ògiri, ó máa ń ká wọn sínú aṣọ. Àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn, lẹ́tà ara wọn ń lọ́ bí ọwọ́ iṣu tó ń wá igi dì mọ́. O kò ní mọ ibi tí irun obìnrin parí sí àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti na tàn-àn, igun ló kún un, bí ẹni pé káfíńtà ló fi rúlà wọ̀n ọ́n. Èjìká ènìyàn di igun, ìtànṣán oòrùn di ìlà. Orí ìwọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwòrán. Mo máa ń tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, mo máa ń fi igi kọ ọ́ sórí iyanrìn, afẹ́fẹ́ yóò sì pa á rẹ́, mo tún máa kọ ọ́. Dúdú tí mò ń lò, èéfín àtùpà ni mo fi ń ṣe é. Aró àwọn aláró ni búlúù mi. Fọ́nrán èèpo àgbọn ni mo dì pọ̀ ṣe búrọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀dà inú agolo tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Èkó. Ewúrẹ́ Ìyá Làmídì fẹ́ràn ẹfun mi jù, ó máa ń lá a kúrò lára ògiri, ọjọ́ kan sì wà tó lá idà kúrò lọ́wọ́ ọmọ ogun kan tí mo yà. Gbogbo ìlú sọ pé ọmọ ogun náà ti ronú pìwà dà.

Ní ọjọ́ tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ kọ́kọ́ mú yín wá síbí, ó dúró níwájú ògiri yìí, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka, ó ń sọ fún yín pé aṣọ obìnrin yẹn, Art Nouveau ni, lẹ́tà yẹn, Art Deco ni. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì, mò ń gbọ́. Inú mi dùn. Ọmọ ọmọ mi ló mọ orúkọ ohun tí mò ń pè ní onítàkùn àti onígun ní gbogbo ayé mi. Ó fi fóònù ya fọ́tò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú yín tó bi mí léèrè ohun tí lẹ́tà náà ń sọ. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: Ijó Táńgò, Ajé Àjíǹde, gbogbo ènìyàn ni a pè.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa wàyí, ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Láyé ìgbà yẹn, ìkéde kì í pẹ́ lára ògiri. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló máa ń pe ijó. Àwọn ni orúkọ wọn yóò wà lẹ́nu, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí agbo. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó jẹun, àwọn ni yóò pò ẹfun, tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn pa ìkéde náà rẹ́. Kì í ṣe èmi tí mo kọ ọ́. Ẹni tó pe ènìyàn ni í pa á rẹ́. Ìkéde ijó tó ti kọjá, irọ́ ló ń pa fún ẹni tó bá kà á.

Làmídì, ẹgbẹ́ mi, ni kò kà á sí nígbà kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ pe ijó, ijó náà dùn, wọ́n mu ẹmu yó, wọ́n sùn. Wọn kò pa á rẹ́ ní ọ̀la, wọn kò pa á rẹ́ ní ọ̀tunla. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, òjò ń rọ̀, a rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Badore. Baba, ìyá, àwọn ọmọ, gbogbo wọn ti múra, aṣọ wọn rin gbingbin. Wọ́n ti ka ìkéde, wọ́n sì ti gbà á gbọ́. Ọ̀gá Bánjọ kò bú Làmídì. Ó ní kó lọ wọ bàtà rẹ̀ wá, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó yí ọwọ́ giramafóònù, ó sì jókòó tì í. Làmídì bá ìyá jó, ìyàwó rẹ̀ bá baba jó, wọ́n bá àwọn ọmọ jó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí àwọn ará Badore fi sọ fúnra wọn pé ó ti tó. Ọ̀gá Bánjọ ní ẹni tí a bá pè gbọ́dọ̀ jó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún gbàgbé.

Obìnrin ara ògiri yìí, Àlàkẹ́ ni. Mọ́rẹ̀nikẹ́ mọ̀ ọ́n ní ìyá àgbà tó ń rán aṣọ, tó ń fi abẹ́rẹ́ sí ẹnu sọ̀rọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n nígbà tí kò sí ọkùnrin ní Ajah tó lè bá a jó táńgò kí ojú má tì í. Ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn, bó bá sì tẹ ẹ̀yìn báyìí, wàá rò pé yóò ṣubú, kò sì ní ṣubú. Ó máa ń sọ fún mi pé mò ń ka ìṣísẹ̀ lábẹ́lẹ̀, òun ń rí i pé ètè mi ń mì. Lóòótọ́ ni. Nígbà tí a fi ọwọ́ sí i pé a ó fẹ́ra, ó di dandan kí àwa náà pe ijó kan, kí gbogbo ayé lè mọ̀. Ajé Àjíǹde la mú, ọjọ́ kejì Àjíǹde Jésù. Mo yà á sára ògiri níbí fúnra mi, mo fi aṣọ onítàkùn wọ̀ ọ́, mo sì fi lẹ́tà onígun pe ayé. Ó wò ó, ó ní imú òun ti tóbi jù. Mi ò tún un ṣe. Bí imú rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Wọ́n wá. Wọ́n ti Langbasa wá, wọ́n ti Badore wá, àwọn ará Awoyaya gbé bàtà lérí wá. Ìgbà tí a fi máa dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àgádágodo ńlá ló wà lára ilẹ̀kùn, ọlọ́pàá méjì sì jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ti ra ilẹ̀ náà. Ta ni? Wọn kò mọ̀. Lọ́wọ́ ta ni? Wọ́n ní kí a lọ béèrè ní Èkó. A kò rí ẹni náà títí di òní olónìí. Giramafóònù wà lórí Làmídì, àbẹ́là tí a ti fẹ́ fi gbo ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ń yọ́ nínú oòrùn. Ẹnìkan ní kí a jó o lórí iyanrìn. Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Táńgò kò ṣe é jó lórí iyanrìn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó yọ̀ ń rì. Àwọn ènìyàn dúró títí, wọ́n ń wò wá, wọ́n wá bọ́ bàtà wọn, wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Mi ò tíì rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Ní ọ̀la rẹ̀, mo pò ẹfun, mo gbé e wá. Àlàkẹ́ ti dé ṣáájú mi. Ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, orí rẹ̀ wà níbi orí tí mo yà. Ó ní, "Má pa á rẹ́. A ò tíì jó o."

Gbólóhùn yẹn ló gbé àwòrán yìí dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin ń pè é ní iṣẹ́ àtijọ́ tó ṣẹ́ kù. Kò ṣẹ́ kù. Gbèsè ni.

Gbọ̀ngàn náà di ilé ìkó-sìmẹ́ǹtì sí. Lẹ́yìn náà, ìjọ aláṣọ funfun kan gbà á, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wòólì wọn pè mí nígbà tí wọ́n dé, ó béèrè bóyá òun lè fi ọ̀dà bo àwòrán yìí. Mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìkéde tí kò tíì ṣẹ kò ṣàjèjì nínú ìjọ àwọn. Ènìyàn rere ni. Gbogbo Ajé Àjíǹde ni mò ń tún lẹ́tà náà kùn, kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́, Àlàkẹ́ yóò sì dúró tì mí, yóò máa bínú sí imú yẹn. Bí àwọn ará ìjọ bá ń jáde, a máa ń yọjú wo inú ilé. Àbẹ́là wọn ti kán sílẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ẹsẹ̀ lásán wọn sì ti gbo ó, ilẹ̀ náà ń dán ju tàtijọ́ lọ. Àlàkẹ́ ní wọ́n ń bá wa tún agbo ṣe láìmọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí àwa méjì yọ́ wọlé ní ọ̀sán, kí a jó o, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní gbogbo ènìyàn ni a pè, kì í ṣe àwa méjì.

Ó kú láìjó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ìjọ ti kó lọ sí Awoyaya, wọ́n fẹ́ wó ilé yìí, Mọ́rẹ̀nikẹ́ sì wá bá mi ní oṣù tó kọjá. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ògiri yìí bá wọn lọ. Ó ní àwọn yóò gé e, àwọn yóò gbé e lọ sí ilé oúnjẹ kan ní Phase 1 tí òun àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ àwòrán, ibẹ̀ ni yóò wà títí. Àti pé kí wọ́n tó gbé e dé, wọn yóò ṣe ijó táńgò níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde gan-an. Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Ó fi ìkéde rẹ̀ hàn mí nínú fóònù. Àwòrán mi ni. Àlàkẹ́ ni, pẹ̀lú imú rẹ̀. Lẹ́tà mi ni, kò yí ọ̀kan padà: gbogbo ènìyàn ni a pè. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún ayọ̀. Mo rò pé ọmọ ọmọ Àlàkẹ́ ló fẹ́ bá a san gbèsè.

Mo lọ sọ fún Làmídì. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Mo lọ sọ fún Ìyá Ìbejì, àbúrò Àlàkẹ́, òun náà ti wà lórí iyanrìn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó ṣì kéré nígbà yẹn. Àwa mẹ́ta ló kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Lánàá, a múra. Mo wọ bàtà aláwọ̀ méjì mi. Ìyá Ìbejì wọ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán fún un kó tó kú. A wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀, a wọ kẹ̀kẹ́, a sọ̀, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, nítorí kẹ̀kẹ́ kì í wọ àdúgbò yẹn. Làmídì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Géètì wà ní ẹnu àdúgbò náà. Mègáádì tó wà níbẹ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa. Ó béèrè kóòdù. Mo ní kóòdù wo? Ó ní ẹni tó bá pe àlejò ló máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí i. Mo fi àwòrán inú fóònù mi hàn án, èyí tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ fi ránṣẹ́. Mo ní èmi ni mo yà á, ìyàwó mi nìyí, ó sì wà níbẹ̀ pé gbogbo ènìyàn. Ó kà á. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló ń ṣí géètì." Mo pe Mọ́rẹ̀nikẹ́ lórí fóònù. Kò gbé e. Mo tún pè é. Orin ń dún nínú ibẹ̀, mò ń gbọ́ ọ láti ìta. Táńgò ni. Mọ́tò ń dé, gíláàsì ń wálẹ̀, wọ́n ń sọ kóòdù, géètì ń ṣí, géètì ń tì. Làmídì ń fi ọ̀pá lu etí gọ́tà bí orin náà ṣe ń lọ, kò ṣìnà níbì kankan. Ìyá Ìbejì ní kí a máa lọ, pé ó ti ṣe òun bẹ́ẹ̀ rí.

Ìkéde kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, ènìyàn kan náà níta. Ọlọ́pàá ti àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ wá. Èyí, ẹ̀jẹ̀ mi ló wà nínú ilé.

Láàárọ̀ yìí, ó pè mí padà. Mo sọ fún un pé a wá. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Bàbá àgbà, mi ò mọ̀ pé ẹ máa wá."

Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù kalẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò purọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. O kọ ọ́ pé gbogbo ènìyàn ni a pè, o fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, kò sì sọ sí ọ lọ́kàn pé ẹnìkan lè dìde láti Ajah kó wá. O wo lẹ́tà náà bí ẹni wo ìlẹ̀kẹ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàkùn àti igun, ẹ̀yin ni ẹ ni ín, èmi náà jí i lára ìwé Ọ̀gá Bánjọ, òun náà já a lára ògiri àwọn ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ni ìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìlà pe ènìyàn, ó ti di ẹni tó pe ènìyàn. Kò tún lè sọ pé ẹwà lásán lòun ń ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin, má wo garawa yẹn mọ́. Ìwọ lo sọ nígbà tí ẹ dé pé kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, kò tíì gbẹ. Ó ti ń gbẹ. Wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó ti lọ. Èmi nìyẹn. Wo lẹ́tà, "gbogbo" nìkan ló kù díẹ̀.

Ẹ̀yin ń wò mí pé kí ló dé tí mo fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ dé, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ pé ọwọ́ bàbá kò tó o. Ọwọ́ mi tó o. Èmi ni mo yà á, ọdọọdún ni ọwọ́ mi ń dé ibẹ̀. Ijó tèmi àti ti Àlàkẹ́, mi ò rí i jó, ẹni tí ìbá jẹ́ kí n jó o ti lọ. Mo ti pa tèmi rẹ́. Ṣùgbọ́n lánàá, wọ́n jó níbì kan lábẹ́ orúkọ ìkéde yìí, ilẹ̀ sì ti mọ́. Èmi kọ́ ni mo pe ti àná.

Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Dìde, Mọ́rẹ̀nikẹ́. Ẹfun ṣẹ́ kù nínú agolo. Gba búrọ́ọ̀ṣì. Ìyá ìyá rẹ ló ń wò ọ́ yẹn. Kọ́kọ́ sọ fún un pé o kò mọ̀ pé yóò wá, lẹ́yìn náà kí o kùn ún.